Fídíò Ìgbéyàwó Tó Yadi

Ermek, ọ̀dọ́kùnrin tó ń to fídíò ìgbéyàwó ní ìlú Karakol, kò tíì gbà rí pé nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí òun kò mọ̀. Burul, ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọmọ fọ́kọ, jókòó tì í bí ẹni tó bu omi sẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ wà nínú ìyá. Nígbà tí Ermek jáde lọ bu tíì, fídíò náà ń ṣe lọ, ó sì kan ibi tí bàbá Burul, arúgbó, ti ń súre fún ìyàwó. Lábẹ́ ìre náà ni Burul ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń kùn: "Ẹ̀bùn tí àwọn àna wọ̀ fún mi yìí, ṣé ẹ̀wù ni àbí asẹ́?" Àwọn àna ọ̀hún sì ń bọ̀ wá wo fídíò náà nílé rẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ló bá tẹ bọ́tìnì kan tó ní àwòrán sípíkà. Ó rò pé ẹnu òun nìkan ni yóò pa dé. Ermek dé, ó gbé fídíò jáde, fídíò yadi.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ni Ermek wí. "Sípíkà ni."

Ó fi orin dán sípíkà wò. Sípíkà kọrin.

"Kì í ṣe sípíkà," ni Burul sọ jẹ́jẹ́.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi. Irú fáìlì tí mo gbé e sí ni kò gba ohùn."

Ó tún un gbé jáde sí irú mìíràn. Tíì tutù. Nínú fídíò, Bàbá àgbà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ ń lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan.

"Àbí Bàbá ò sọ̀rọ̀ sókè lọ́jọ́ náà?"

"Bàbá mi? Tó bá pe ẹṣin tirẹ̀ lórí òkè, ẹṣin abúlé kejì á dáhùn."

Ermek pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án, ó sì bú iná ìjọba díẹ̀.

"Ermek, ọmọ mi," ni Burul wí, "ṣé kò síbi téèyàn lè ṣèèṣì fọwọ́ kàn, kí ohùn sì lọ?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní làákàyè ló máa tẹ̀ ẹ́. Ṣé èmi lẹ fẹ́ sọ pé mo tẹ̀ ẹ́?"

"Ó tì o. Ìwọ kọ́."

"Ta wá ni?"

Fóònù Burul dún: àwọn àna ti gbéra. Ó rántí bàbá rẹ̀, tó ń béèrè láràárọ̀ ìgbà tí òun máa gbọ́ ìre tí òun sú fún ọmọ-ọmọ òun. Àánú arúgbó náà ṣe é ju ìtìjú ara rẹ̀ lọ.

"Èmi ni ẹni tí kò ní làákàyè náà," ló wí, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ermek rẹ́rìn-ín títí, ó tẹ bọ́tìnì náà, ohùn Bàbá sì kún yàrá. Ó ní òun lè gé ìkùnsínú màmá kúrò, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni Bàbá ti ń tọrọ ọmọ fún ìyàwó. Tí òun bá gé e, ìre náà á bá a lọ.

"Má gé ìre bàbá mi."

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́ dáadáa ná."

Ó gbé ohùn sókè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù kọjá. Ni obìnrin mìíràn bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ohùn ìyá ọkọ, tó ń sọ sétí àbúrò rẹ̀ nípa oúnjẹ tí ilé ìyàwó fi ń bọ̀wọ̀ fún àna: "Ọ̀rá ìrù àgùntàn tí wọ́n fi bọ́ wa yìí mà kéré o. Ṣé ààwẹ̀ ni àgùntàn wọn ń gbà?"

Ermek na ọwọ́ láti tún ohùn pa. Burul di ọwọ́ náà mú.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bi mí léèrè ẹ̀wù, èmi náà á bi í léèrè àgùntàn."