Don Fulgencio, Olóko Òlífì

Bí ẹ bá pe Fulgencio ní Fulgencio lásán, kò ní gbọ́. Ẹ fi “Don” tá a fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin, bí “Doña” ṣe jẹ́ ti obìnrin, síwájú rẹ̀, etí rẹ̀ á là wàì. Don Fulgencio ará Madrid, ọkọ dígí, a-ṣàlejò-bí-onílé! Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ ju òróró lọ, orí òróró náà lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti padà yọ̀.

Ó kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fúláàtì ìsinmi Doña Casilda ní Córdoba. Láti ibẹ̀ ló ti wọ rélùwéè wá sí Málaga níbí, sí ilé tí èmi náà ń gbé, níbi tí Doña Virtudes ti ń gba àlejò. Fúláàtì méjì ló ní: ti òkè, tí fàráńdà rẹ̀ kọjú sí òkun, àti ti ẹ̀yìn, tó kọjú sí àwọn ike ìdalẹ̀nù.

Ti òkè ti ní ẹni tó gbà á: Saturnino, apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì, àti Amparo ìyàwó rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wọn ló pé lọ́jọ́ náà. Láyé Amparo, kò sùn níbi tó ti ń gbọ́ òkun rí.

Àwa àti tọkọtaya náà jọ jókòó, à ń jẹun ọ̀sán ní àgbàlá, nígbà tí Fulgencio wọlé dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òróró òlífì.

“Ìyáàfin mi, ẹ gba ẹ̀bùn! Oko bàbá bàbá mi ló ti wá. Irú mi kọ́ ló yẹ kó sùn sẹ́yìn ilé. Fúláàtì òkè ni kẹ́ ẹ fún mi.”

“Wọ́n ti gbà á,” ni Doña Virtudes wí, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò lára kẹ́ẹ̀gì. Òróró rere lè mú obìnrin yẹn gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

“Àwọn arúgbó yìí? Àtẹ̀gùn á fọ́ wọn lórúnkún! Àánú wọn ló ń ṣe mí.”

Amparo rọra fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Saturnino, tí wọ́n bí sí abúlé olólífì, nu ẹnu rẹ̀.

“Don Fulgencio, oṣù wo lẹ máa ń kórè?”

“Oṣù Kẹjọ tá a wà yìí náà ni! Nínú oòrùn ganrínganrín! Èmi fúnra mi ni mò ń gun igi.”

Hẹ̀n! Ẹni tó bá gé òlífì jẹ nínú oṣù Kẹjọ, eyín ara rẹ̀ ló máa kórè. Oṣù Kọkànlá là ń na igi kí èso rẹ̀ lè já bọ́.

“Ta ló wá ń gun igi lónìí, tẹ́ ẹ wà níbí?” ni Amparo bi í.

“Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ wò ó!” Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sókè ré kọjá orí, bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Ìdí kẹ́ẹ̀gì bá kọjú sí àwa tá a jókòó. Wọ́n ti fi yíńkì dúdú kọ nǹkan síbẹ̀, a sì pa ohùn pọ̀ kà á sókè, bí ọmọ iléèwé:

“TI CASILDA NI O. ÀLEJÒ, JẸ Ẹ́ NÍBÍ, MÁ GBÉ E LỌ!”

Fulgencio rò pé oríkì òun là ń kì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Casilda àbúrò mi!” Doña Virtudes ti fò dìde. “Èmi ni mo bá a kọ ọ́!” Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Ó ti fa fóònù yọ. “Casilda, òróró ẹ dé Málaga o. Kí ló tún sọnù? Ìkòkò kọfí? Táwẹ̀lì mẹ́rin? Gílóòbù kẹ̀?”

Ó ní kí Fulgencio tú báàgì. Ó tú u lójú gbogbo wa, ó ń làágùn. Gílóòbù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé e. Inú mi dùn débi pé búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

Nírọ̀lẹ́, Amparo bọ́ bàtà, ó jókòó sí fàráńdà, ó ń gbọ́ òkun. Nísàlẹ̀, bàbá olóko ń wọ́ báàgì fífúyẹ́ lọ sí fúláàtì ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn ike ìdalẹ̀nù. Saturnino yọjú sí i láti fèrèsé ẹ̀yìn lókè.

“Fulgencio! O kú ìkórè o!”

Kò sí “Don” níbẹ̀. Ó gbọ́ kedere.