Ẹ Ò Ní Sùn Ni, Màmá Ẹ̀pẹ́?

Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 2006, nílé Fọláwùmí lẹ́bàá Agric ní Ìkòròdú. Láti Ọjọ́rú ni Màmá Mùsílímátù, àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ti wá kí wọn. Màmá ti di àpò rẹ̀, ó jókòó sí etí àga.

MÀMÁ: Ìyàwó mi, mo fẹ́ máa lọ o.

FỌLÁWÙMÍ (inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó fajú ro): Há, Màmá! Báyìí báyìí? Ẹ ò ní sùn ni?

MÀMÁ (ó mí kanlẹ̀): Bí o bá ní kí n sùn, màá sùn.

FỌLÁWÙMÍ: Ẹ... ẹ ṣé, mà.

(Màmá tú àpò. Fọláwùmí wọ kíṣìnnì. A gbọ́ tí ìkòkò dún gbàgà. Ó padà wá tẹ̀rín-tẹ̀rín.)

FỌLÁWÙMÍ: Kí lẹ máa jẹ, mà?

MÀMÁ: Má ṣèyọnu. Mo ti yó.

FỌLÁWÙMÍ: Ẹ ò lè yó! Mo ti rin ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ ni.

MÀMÁ: Ìkọ́kọrẹ́ lánàá, ìkọ́kọrẹ́ lónìí?

FỌLÁWÙMÍ: Ṣé ẹ ò fẹ́ ni?

MÀMÁ: Mo fẹ́ o! Ta ló ní mi ò fẹ́?

(Oúnjẹ dé, nínú àwo ṣókéèsì tí Adéòjó, ọkọ ilé, kò fọwọ́ kàn rí. Màmá ń gbé e mì bí ẹni ń lo oògùn.)

FỌLÁWÙMÍ: Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù, mà. Àbí kò dùn?

MÀMÁ: Ó dùn. (Ó há èyí tó kù sẹ́nu.)

FỌLÁWÙMÍ: Ẹ jẹ́ kí n bù sí i.

MÀMÁ (ó fọwọ́ méjèèjì bo àwo): Fọláwùmí! Dákun, kí ni mo fi ṣe ọ́?

FỌLÁWÙMÍ: Mà?

MÀMÁ: Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti fẹ́ lọ! Hàbíbàt ni mo fi ẹja mi sílẹ̀ fún, Hàbíbàt tó máa ń jó ẹja! Bí mo bá ti dìde báyìí, wàá ní kí n sùn. Bí mo bá kọ̀, wàá ní mi ò fẹ́ràn ìyàwó Adéòjó.

FỌLÁWÙMÍ (ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀): Ẹ gbà mí o! Màmá, láti ọjọ́ tí ẹ ti dé, orí ẹní ní pálọ̀ ni èmi àti Adéòjó ń sùn. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Marina. Ẹ̀yìn ń dùn mí! Bí mi ò bá ní kí ẹ sùn ńkọ́? Wọ́n á gbọ́ ní Ẹ̀pẹ́ pé mo lé yín.

MÀMÁ: Kí ló wá dé tí ò ń sọ ohun tí o ò fẹ́?

FỌLÁWÙMÍ: Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni, mà. Ẹ̀yin náà ṣáà ní ẹ ti yó.

MÀMÁ: Ìyẹn, mo yó lóòótọ́!

(Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.)

MÀMÁ: Láti òní lọ, òótọ́ nìkan la ó máa bára wa sọ.

FỌLÁWÙMÍ: Òótọ́ nìkan, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé àpò.

(Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibùdókọ̀. Màmá wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra, ó yọrí lójú fèrèsé.)

MÀMÁ: Kí ìwọ àti ọkọ rẹ wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi o!

FỌLÁWÙMÍ (ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀): Màmá, ṣé òótọ́ nìyẹn?

MÀMÁ: Ìwọ ṣáà dáhùn pé ẹ máa wá. Kí ẹ má wá!