Iyán Tó Sọ Mí Di Àlejò ní Savalou

Ọjọ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò sì rò pé yóò kúrò mọ́, torí mo ti di ìyá àgbà báyìí. Ọjọ́ náà ni mo fi ọwọ́ ara mi gún iyán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé-ìwé lọ́wọ́ mi.

Ilé-ìwé gíga kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Savalou nígbà yẹn, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba. Àwọn ará ìlú ló fi orí ru òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé ìdajì owó ni ọmọ ìlú yóò máa san, àlejò yóò san odindi. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àánú kún un: ẹni tó bá ti gbé Savalou fún ọdún kan gbáko, tí olórí àdúgbò rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i, ọmọ ìlú ni wọn yóò kà á sí. Télọ̀ ni bàbá mi ní Bantè. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló ní, ọmọ mẹ́jọ ló bí. Agbára rẹ̀ ká ìdajì, odindi kò tilẹ̀ ṣeé dárúkọ. Bí mo ṣe gba sẹtifíkà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi báyìí, ó pè mí.

Ó ní, “Di ẹrù rẹ. Lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Savalou, kí o gbé ibẹ̀ fún ọdún kan. Bí o bá pa dà wá láìwọ ilé-ìwé yẹn, ìdí ẹ̀rọ yìí ni wàá jókòó sí.”

Kò sí ohun tí mo kórìíra láyé tó ẹ̀rọ yẹn. Mo lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Tàńtì ni gbogbo wa ń pè é, iyọ̀ àti ìṣáná ló ń tà. Ó fún mi ní yàrá, ó sì ń kọ́ mi ní ọjà títà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé Savalou lóòótọ́, àmọ́ bí ẹyẹ ṣe ń gbé orí òrùlé ni. Àbúrò ìyá mi ló ń wa kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná Bantè. Ní gbogbo Sátidé, mo ti wà nínú kámíọ̀ náà, ó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kí n tó pa dà. Bí wọ́n bá pe àdúgbò jáde láti ro ojú ọ̀nà, orí a máa fọ́ mi. Bí wọ́n bá ń sin òkú, inú a máa run mí. Tàńtì wò mí títí, ó ní, “Ọmọ yìí, ìwọ àti Savalou ò tíì kí ara yín o.” Mo rẹ́rìn-ín. Oṣù ni èmi ń kà ní tèmi.

Ọdún pé ní oṣù Keje. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Mùsíyé Dìrẹ́tà, ọmọ Àjàṣẹ́ tí kò tíì pẹ́ nílùú, ránṣẹ́ pé òun àti olórí àdúgbò ń bọ̀ wá wádìí mi nílé ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé. Ẹ óò ti mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá mi di iṣu tuntun mẹ́fà sínú apẹ̀rẹ̀ fún mi, ó ní kí n fi ṣe àwọn àlejò mi lálejò. Ní ilé wa ní Bantè, a ti ń jẹ ẹ́. Ìgbà tí mo dé, Tàńtì ti lọ sọ́jà. Ni mo bá se iṣu, mo gbé odó kalẹ̀. Mo gún iyán náà kíkankíkan, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ pé ọmọ gidi wà nílé yìí.

Inú ilé ìdáná ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn Dìrẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà ìyá arúgbó kan tó ń hun ẹní nítòsí wa. “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ mọ ọmọbìnrin tó ń gbé ilé yìí?”

“Èwo? Èyí tó máa ń sáré lọ wọ kámíọ̀? Àlejò kọ́ ni?”

Mo ní iyán ni yóò tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Mo gbé abọ́ iyán àti ọbẹ̀ jáde wàrà, mo kúnlẹ̀. Dìrẹ́tà, tó ti ń rìn káàkiri láti òwúrọ̀, ti gbé òkèlè mẹ́ta mì kí n tó dìde. Olórí àdúgbò bu tirẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ọmọ mi, iṣu wo nìyí?”

Ẹ wo bí ẹnu mi ṣe yá! “Iṣu tuntun ni, Bàbá! Tuntun pátápátá! Láàárọ̀ yìí ló ti Bantè dé!”

Ìyá tó ń hun ẹní ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní Savalou, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan iṣu tuntun kí ọba tó jẹ tirẹ̀, ọjọ́ náà sì ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ èyí níbẹ̀. Bàbá olórí àdúgbò rọra gbé òkèlè náà sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó ní kí n bu omi mìíràn wá, ó tún un fọ̀. Ó wá yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀.

“Mùsíyé, ṣé ẹ ti gbé e mì?”

“Ó ti lọ, Bàbá.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Ó dùn ni,” ni Dìrẹ́tà fèsì, ojú ń tì í.

Mo ní kí n yára gbé abọ́ wọlé, mo fẹsẹ̀ kọ ọmọ odó, gbogbo ọbẹ̀ sì dà sí ṣòkòtò funfun Mùsíyé. Àwọn èèyàn rọ́ dé. Bí Tàńtì ṣe ti ọjà dé, tó rí odó, tó rí èèpo iṣu, ó káwọ́ lérí, ó ní, “Mo gbé!” Àwọn tí kò mọ̀ mí rí láti ọdún kan ti mọ orúkọ mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá kò pariwo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

“O ní o ti lo ọdún kan níbí. Lọ́jọ́ tí ọba jẹ iṣu lọ́dún tó kọjá, níbo lo wà?”

“Bantè, Bàbá.”

“Ọjọ́ tí a sin ọkọ ìyá tó ń hun ẹní yìí ńkọ́?”

Mi ò tilẹ̀ rántí mọ́ pé ọkọ ìyá náà kú. “Bantè ni, Bàbá.”

Ó dìde. “Kí Bantè san owó ilé-ìwé rẹ.”

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Tàńtì ló bẹ bàbá mi pé kó fi ọdún kan sí i fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó. Mo ro ojú ọ̀nà, mo ru òkúta yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kejì, mo ń bá ìyá tó ń hun ẹní to koríko rẹ̀, òun náà sì ń kọ́ mi ní èdè Mahi tí wọ́n ń sọ ní Savalou. Àárò ilé sọ mí gan-an, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí ọdún pé, tí Dìrẹ́tà àti Bàbá tún dé, ìyá yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n la ẹnu.

“Ta lẹ wá bèèrè? Ọmọ wa ni. Ẹ tètè ṣe é, èmi àti ẹ̀ fẹ́ lọ pọn omi.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ka sí ìwé mi. Ayọ̀ mú kí n tún bú sẹ́kún.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi fi odindi ọdún kan ní ojú láìríran, torí mo rò pé oṣù kíkà ló ń sọ èèyàn di ará ìlú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi kò tilẹ̀ bìkítà fún ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ṣé iyán yẹn dùn. Ẹ̀rín a pa mí, inú mi a sì tún bà jẹ́ díẹ̀. Kí n lọ gun kámíọ̀ gbé iṣu wá, kí n sè é, kí n gún un, kí n fi ọdún kan san gbèsè rẹ̀, mi ò tọ́ ọ wò! Mùsíyé Dìrẹ́tà nìkan ló mọ̀ bó ṣe dùn tó.