Ìgò Keje Nínú Yàrá Abẹ́lẹ̀ Merv

Bí ènìyàn bá tọrọ àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí àmì náà sì dé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde, ta ló yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ta? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń yí ìbéèrè yìí padà bí ẹni ń yí iṣu nínú iná. Kò tíì jinná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí oòrùn Barossa, ilẹ̀ ọlọ́gbà àjàrà wa, ń yan òkúta bí ẹ̀pà, Àǹtí Hulda Mibus gbé agbọ̀n kan tí ó fi aṣọ bò lọ sí ilé Merv Noack, ọkọ Irma àbúrò rẹ̀. Irma ti kú lọ́dún tó kọjá. Merv wà nínú yàrá abẹ́lẹ̀ tó ń pọn wáìnì pupa sí, ó dúró láàárín àgbá mẹ́ta, rọ́bà gígùn lọ́wọ́ kan, ife lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ dúró níbẹ̀, Àǹtí Hulda! Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kejì!"

Hulda dúró gbagidi lórí àtẹ̀gùn. "Ejò ni?"

"Ó ju ejò lọ."

"Ejò méjì?"

"Iṣẹ́ ìyanu ni!"

Hulda ṣì ń wo ilẹ̀. Lágbègbè yẹn, ènìyàn á kọ́kọ́ wá ejò tì kó tó gba ìyanu gbọ́.

"Merv, o ti jẹun?"

"Ta ló ń sọ ti oúnjẹ? Ẹ wo orí tábìlì. Kí lẹ rí?"

"Ìgò kan."

"Mélòó ló wà níbẹ̀ lánàá?"

Hulda gbé agbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn ara. Agbọ̀n náà dún woro. "Ṣé èmi ni mò ń bá ọ ka ìgò?"

"Mẹ́sàn-án! Ìgò ọlọ́mọrí mẹ́sàn-án, mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Mo po wáìnì àjàrà mẹ́ta, Ṣírásì, Gírénáṣì àti Mátárò, pọ̀ nínú wọn, oríṣi mẹ́sàn-án, kí n lè mọ èyí tí màá tẹ̀lé láti po inú àgbá. Mo tọ́ gbogbo wọn wò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ yí bọ́ọ̀lù onígi pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí, ìgò keje nìkan ló jókòó síbẹ̀ bí ọba. Àwọn mẹ́jọ yòókù ti gòkè lọ."

"Lọ sí òkè wo?"

"Òkè, òkè! Lọ́dọ̀ Ọlọ́run yín lọ́hùn-ún."

"Bóyá olè ló wọlé."

"Olè wo ló máa jí wáìnì burúkú, tí á fi èyí tó dára sílẹ̀? Kò sí olè tí ahọ́n rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀ ní Barossa." Merv gbé ife sókè sí iná. "Ibi tí ìyanu wà gan-an nìyí. Ìgò keje ló burú jù lánàá! Mátárò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó dà bí ìgbà tí mo lá bàtà òjò. Láàárọ̀ yìí, Àǹtí Hulda, mo tún tọ́ ọ wò, mo sì jókòó sórí ilẹ̀, mo sunkún."

"Ẹ̀yin Noack kì í sunkún."

"Mo sunkún. Mo tiẹ̀ fọn imú."

Hulda tún ti agbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn sí i. Ó mọ ibi tí àwọn ìgò mẹ́jọ náà wà. Mẹ́ta nínú wọn wà nínú agbọ̀n tó gbé sẹ́yìn yìí, márùn-ún wà lórí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, apálá oníyọ̀ ló sì kún inú gbogbo wọn. Lánàá, apálá so nínú ọgbà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ṣépè, ìgò sì tán nílé. Ó rántí pé kọ́kọ́rọ́ Irma wà nínú àpò épírónì òun. Ó wọlé, ó rí ìgò mẹ́sàn-án tí wáìnì díẹ̀díẹ̀ ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ wọn. Níwọ̀n bí ìyá rẹ̀ kò ti kọ́ ọ pé kí ó da ohunkóhun nù, ó da gbogbo àṣẹ́kù náà pọ̀ sínú ọ̀kan, ó kó àwọn tó ṣófo lọ láìfọ̀ wọ́n. Ewé dílì, ewé olóòórùn tó fẹ́ fi sínú apálá, wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú ewé náà já bọ́ sínú wáìnì. Ó yọ ọ́. Ó yọ èyí tó rí.

Ẹ̀bẹ̀ ló bá wá láàárọ̀ yìí. Kò mọ̀ pé ìyanu lòun máa bá.

"Merv, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí tèmi. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa wáìnì pupa. Wáìnì tí mi ò tíì mu pàápàá, mo ti mọ àléébù rẹ̀. Mo ti rò ó pé bóyá òṣùpá ni. Mo ti rò ó pé bóyá ooru ni. Kò sí ìwé kankan tó sọ pé wáìnì máa ń ronú pìwà dà láàárín òru kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn mi. Èkejì wà lọ́wọ́ Irma." Ó fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. "Àǹtí Hulda, àbí òun ló wá?"

Kọ́kọ́rọ́ inú épírónì náà wúwo lójijì bí irin ọkọ̀ ojú irin.

"Irma kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn yìí nígbà tó wà láyé," ni Hulda wí.

"Àjàrà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ká kẹ́yìn ló wà nínú àgbá wọ̀nyí. Orúkọ rẹ̀ ni màá kọ sára ìgò. Lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde, tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn èrò tó ń wá tọ́ wáìnì wò, wọn ò ní bèèrè wáìnì pupa mọ́, wọ́n á ní, 'Merv, fún wa ní Irma.' Tó bá burú, mo ti sin ín lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn." Ó nu imú. "Nítorí náà mo ti pinnu. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ̀."

"Gbogbo ìjọ ló mọ̀."

"Tí Ọlọ́run bá lè ṣe èyí nínú ìgò apálá àtijọ́, màá wá lọ́jọ́ Àìkú. Màá jókòó ní àyè Irma."

Hulda di igi àtẹ̀gùn mú. Lórí ibùsùn ikú ni Irma ti di ọwọ́ rẹ̀ mú tó ní, "Bá mi mú un padà sórí ìjókòó wa." Láti ìgbà náà ni Hulda ti ń gbàdúrà. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀ ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí àwọn onílé ti kó lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún Ọlọ́run láìfi dídùn kún un: "Bí O bá wà níbẹ̀, fún mi ní àmì kan. Kékeré ni."

Àmì ló wá dúró sórí tábìlì yìí, tó pupa fòò. Bó bá dákẹ́, Merv á wá.

"Mo ti so rọ́bà mọ́ àgbá," ni Merv wí. "Bí mo ṣe po ìgò keje gan-an ni màá ṣe po gbogbo rẹ̀. Mátárò púpọ̀, Ṣírásì díẹ̀, Gírénáṣì bí omijé." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń fa wáìnì.

Bó bá dákẹ́, gbogbo àgbá Irma á di bàtà òjò.

"Dúró!"

"Kí ló dé?"

"Merv, iṣẹ́ ìyanu yẹn... ọwọ́ ènìyàn lè wà nínú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run máa ń lò. Pásítọ̀ sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì ń gbọ́ ìwàásù."

"Ọwọ́ tí kò mọ́."

"Ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wa?"

"Mò ń sọ fún ọ pé ẹni náà kò mọ ohun tó ń ṣe."

"Dárí jì wọ́n, Baba!" Merv bọ́ fìlà. "Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu yín bíi ti wòlíì. Ara mi ń ṣe gìrìgìrì."

"Ara rẹ ń ṣe gìrìgìrì nítorí pé o ò jẹun! Merv, ìgò wọ̀nyẹn kò gòkè lọ."

"Ibo ni wọ́n wá lọ?"

"Ìsàlẹ̀ òpópó. Ilé kejì lápá òsì."

"Ilé yín nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Merv ronú. Ojú rẹ̀ wá tàn. "Ọlọ́run gbé wọn wá sí ilé yín!"

"Èmi ni mo gbé wọn!" Hulda gbé agbọ̀n sórí tábìlì, ó ṣí aṣọ orí rẹ̀. Ìgò apálá mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀, omi inú wọn pupa rẹ́súrẹ́sú.

Merv bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n. "Kí ló dé tí àwọn apálá yín pupa?"

"Ojú ń tì wọ́n."

Hulda fi èékánná họ bébà tó lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn, èyí tó kọ *Apálá Hulda* sí. Nọ́ńbà ìgò kẹrin, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ, yọjú lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo rẹ̀, kọ́kọ́rọ́, àṣẹ́kù, bó ṣe dà wọ́n pọ̀, láìbo ohunkóhun mọ́lẹ̀ àfi ewé dílì kan.

Merv nàró. Ó fi fìlà rẹ̀ dé orí padà.

"Kì í ṣe Irma."

"Kì í ṣe Irma."

"Kì í sì í ṣe Ọlọ́run."

"Ìyẹn, mi ò mọ̀," ni Hulda wí, òtítọ́ ló sì sọ. "Mo kàn mọ̀ pé èmi ni mo ru ìgò."

Merv jókòó sórí garawa tó dojú dé. "Ẹ dà wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹni ń da omi àwo nù."

"Mi ò dà á nù. Ká ní mo dà á nù ni, à bá má ti máa jà báyìí."

"Báwo ni màá ṣe mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Iye tó kù nínú ìgò kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba!"

"Èwo lo mu jù lánàá?"

"Èyí tó dùn mọ́ mi. Ìkẹta, ìkarùn-ún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ wọ́n tán."

"Èwo ló wá ṣẹ́kù?"

"Èyí tí mi ò fẹ́." Merv ṣí ẹnu, ó pa á dé, ó tún ṣí i. "Àǹtí Hulda, wáìnì tó pa mí lẹ́kún láàárọ̀ yìí, gbogbo ohun tí mo kọ̀ ni wọ́n dà pọ̀!"

"Òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ sílẹ̀," ni Hulda wí, ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀, "òun ni ó di pàtàkì igun ilé."

Ohùn kan jáde lọ́fun Merv. Hulda kọ́kọ́ rò pé nǹkan ló há a lọ́fun. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí garawa fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tó ṣubú sílẹ̀, tó sì ń bá ẹ̀rín lọ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn.

"Ó dáa," ni ó wí láti ilẹ̀. "Ó ṣẹ́kù nínú ìgò keje tí màá máa fi ahọ́n wò títí màá fi mọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe àjàrà. Ewéko kan, bí òkè lẹ́yìn òjò. Mo mọ gbogbo òórùn tó wà nínú wáìnì, mi ò mọ ìyẹn. Kí ni?"

Hulda bo agbọ̀n rẹ̀ padà. Láti ìgbà tí Merv ti ní eyín ló ti ń jẹ ewé dílì nínú apálá.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

"Ẹ sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú."

"Níbo?"

"Lórí ìjókòó Irma. Lẹ́yìn àmín tó kẹ́yìn."

Merv dìde jókòó. "Àǹtí Hulda! Ẹ fẹ́ fi tipátipá mú mi! Ẹ̀ṣẹ̀ lèyí!"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni. A ó jọ tọrọ àforíjì rẹ̀. Ibẹ̀ kúkú la ó ti wà."

Bí Àǹtí Hulda ṣe sọ ọ́ fún èmi aládùúgbò rẹ̀ nìyí lórí ògiri ọgbà wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì na apálá pupa kan sí mi. "Àmì ni mo tọrọ, ìgò tí kò mọ́ ni wọ́n fún mi," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, ṣe mí lóore kan. Lọ́jọ́ Àìkú, má jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí. Èmi á wà lápá ògiri, Merv á wà láàárín, kí ìwọ wà lápá ilẹ̀kùn. Ìwọ lo fẹ̀ jù nínú ìjọ wa. Bí o bá jókòó dáadáa, kò síbi tí Merv máa gbà sá jáde."