Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ̀kọ́ Kìíní

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ aránṣọ, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò forúkọ sílẹ̀ fún. Láàárọ̀ yìí, aránṣọ tẹ́ aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń ṣẹ́ etí rẹ̀, ló bá gbọ́ ṣàà! ní ilé ìdáná. Ó sáré débẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rèé lábẹ́ síǹkì, ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu páìpù, omi ń fọ́n sí i lójú.

"Ẹ gbà mí o! Ta ló tú páìpù?"

"Èmi ni. Ẹ̀kọ́ kìíní: 'Bí a ṣe ń tú páìpù.' Gbogbo máàkì ni mo gbà!"

"Ẹ̀kọ́ kejì ńkọ́?"

"'Bí a ṣe ń dè é padà.' Ìyẹn ni mo fẹ́ ṣí, wọ́n ní ìkànnì ti kógbá wọlé."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ọ̀fẹ́ kì í bọ́ ọmọ olùkọ́. Wọ́n tún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń parí."

"A-bẹ̀rẹ̀-má-parí, ẹ̀yin lẹ pa wọ́n! Ẹ̀kọ́ búrẹ́dì, ẹ tanná, ẹ ò yọ búrẹ́dì. Ẹ̀kọ́ onígbàjámọ̀, ẹ fá orí àbúrò mi lápá kan. Títí dòní, fìlà ò kúrò lórí ọmọ ọlọ́mọ!"

"Apá tí mo fá yẹn, ó dán àbí kò dán?"

Omi gba ẹnu ọ̀nà, ó forí lé pálọ̀. Bí omi bá kan aṣọ yẹn, ojú wo ni aránṣọ yóò fi wo ìyàwó tuntun?

"Fọkàn balẹ̀, aya mi. Mú fóònù mi, bi àwọn ọmọ kíláàsì wa lórí wásáàpù."

Ó mú un, ó kà á. "Ẹni yìí ní òun ń fi àtàǹpàkò dí tòun. Èyí náà. Èyí ń fi gìgísẹ̀ dí tiẹ̀. Áà! Gbogbo yín lẹ wà lábẹ́ síǹkì!"

"Ṣó o rí i? Èmi nìkan kọ́!"

Aránṣọ sáré jáde, ó yí kọ́ọ̀kì táǹkì lẹ́yìnkùlé, omi dá wáí. Nígbà tó padà dé pálọ̀, omi ti dúró sétí aṣọ, aṣọ gbẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó tán. Ẹ yọwọ́, ẹ dìde."

Ọkọ fa àtàǹpàkò rẹ̀. Kò wá. Ó tún fà á.

"Aya mi, ó ti há o."

"Yéè! Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ wà fún ìyẹn náà!"

"Ó wà. Mo tiẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá kọ́ yín?"

"Ẹ̀kọ́ kìíní nìkan ni mo rí gbà: 'Bí a ṣe ń ti àtàǹpàkò bọ ihò.'"