Ọwọ́ Tí Bàbá Khàdíjàt Kò Gbà

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni, ìrun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, oòrùn Ọ̀fà sì ń na olówó àti tálákà lẹ́gba kan náà. Àkàndé káfíńtà ti délé, ó jókòó ti àwo ìrẹsì ńlá kan ní pálọ̀. Ọ̀la ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Khàdíjàt ọmọ rẹ̀ àti Ayọ̀dàmọ́lá, ọmọ Alhaji Lukman tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Alhaji ọ̀hún ló ń bọ̀ yìí, bàtà rẹ̀ ń pariwo, ẹnu rẹ̀ náà kò sì kéré.

LUKMAN: Àsàlámù aléékù! Mi ò ní jókòó o!

ÀKÀNDÉ: Wàlékúmù sàlámù! Alhaji wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó.

LUKMAN: Mo ní mi ò ní jókòó!

(Ó jókòó. Àga náà fì sí òsì, òun náà bá a fì.)

LUKMAN: Irú àga wo rèé?

ÀKÀNDÉ: Èmi ni mo kàn án, lẹ́yìn tí mo dé láti ọsibítù.

LUKMAN: Ó ṣe wá tẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó?

ÀKÀNDÉ: Lójú tèmi o, ó dúró ṣánṣán.

LUKMAN: Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó gbé mi wá. Ti ọ̀la yẹn, ẹ má wulẹ̀ dáná. Ọ̀rọ̀ ti tú.

(Ṣíbí dúró sẹ́nu Àkàndé.)

ÀKÀNDÉ: Háà! Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan ni?

LUKMAN: Kí ni mo fẹ́ gbọ́?

ÀKÀNDÉ: Kò sí! Kò sí nǹkan kan. Koko lara gbogbo wa le nílé yìí.

LUKMAN: Ta ló bi yín nípa ara? Ọwọ́ ni mò ń wí! Jímọ́ọ̀ mẹ́ta, Bàbá Khàdíjàt! Jímọ́ọ̀ mẹ́ta ni mo ti ń jókòó tì yín ní mọ́ṣáláṣí. Tí lèmámù bá ti sàlámà tán, màá nawọ́ sí yín bí àna ṣe ń nawọ́ sí àna. Ẹ ó yí sọ́tùn-ún, ẹ ó bọ Abdulwasiu ọlọ́kadà lọ́wọ́, ẹ ó bọ ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó tún máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Tèmi á wà lókè bí ọwọ́ ẹni tó ń dá mọ́tò dúró!

ÀKÀNDÉ: Apá ibo lẹ jókòó sí?

LUKMAN: Apá òsì yín!

ÀKÀNDÉ: Áà. Apá òsì.

LUKMAN: Àbí ẹ ò rí mi ni?

ÀKÀNDÉ: Mo rí yín! Mo rí yín kedere!

(Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ.)

LUKMAN: Ẹ rí mi, ẹ ò bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó parí.

ÀKÀNDÉ: Rárá, Alhaji, mi ò... mo rí... àdúà ni mò ń ṣe lọ́wọ́.

LUKMAN: Ẹ wá ń fi àdúà rẹ́rìn-ín sí ọlọ́kadà?

ÀKÀNDÉ: Ẹ dákun, ẹ bá mi jẹun ná. Ẹ má bínú ṣá, kò sẹ́ran. Ìyá Khàdíjàt ò fún mi lẹ́ran mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bóyá ó ń tọ́jú ẹ̀ de ọ̀la.

(Lukman wo inú àwo. Apá ọ̀tún ti mọ́ féfé. Lápá òsì, ẹran mẹ́rin jókòó lórí ìrẹsì, ọ̀rá ń dán lára wọn.)

LUKMAN: Kò sẹ́ran?

ÀKÀNDÉ: Kò sí ẹyọ kan.

LUKMAN: Ẹran mẹ́rin ń wò mí lójú níbí! Ẹ fi ọwọ́ dù mí ní mọ́ṣáláṣí, ẹ tún ń fi ẹran dù mí nílé?

ÀKÀNDÉ: Ẹran dà?

LUKMAN: Níwájú yín!

(Àkàndé rọra yí orí sí òsì. Ó tún yí i sí i. Ẹran kìíní yọ, èkejì tẹ̀ lé e.)

ÀKÀNDÉ: Láìláhà ìlàlláhù! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń bá obìnrin yẹn jà!

LUKMAN: (ohùn rẹ̀ ti rọ̀) Bàbá Khàdíjàt. Kí ló ń ṣe ojú yín?

(Àkàndé gbé ṣíbí kalẹ̀.)

ÀKÀNDÉ: Màá sọ ọ́, tó bá fẹ́ bàjẹ́ kó bàjẹ́. Kókó tí wọ́n gé nínú orí mi lọ́jọ́sí, ó fẹ̀yìn ti iṣan tó ń gbé ìríran ni. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ há, pé ó lè mú nǹkan dání lọ. Ó mú apá òsì lọ. Ojú méjèèjì là sílẹ̀ báyìí, àmọ́ ohun tó bá wà lósì mi, kò sí i láyé.

LUKMAN: Imú lẹ sọ fún wa pé àwọn dókítà gbà wọlé gé e.

ÀKÀNDÉ: Imú náà ni.

LUKMAN: Wọ́n gba ilé imú wọlé, wọ́n wá kó ẹrù ojú lọ?

ÀKÀNDÉ: Agbolé kan náà ni wọ́n ń gbé, Alhaji.

LUKMAN: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́?

ÀKÀNDÉ: Ìwádìí yín ni! Ẹ rán Alhaja Asiata ẹ̀gbọ́n yín káàkiri àdúgbò, ó ń béèrè bóyá wèrè wà nílé wa, bóyá wárápá wà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ẹ máa pè wá ní ìdílé afọ́jú. Ọmọ mi fẹ́ràn ọmọ yín gan-an. Mi ò fẹ́ kí ojú tèmi ba ọjọ́ tiẹ̀ jẹ́.

LUKMAN: Ẹ dúró ná.

(Ó bọ́ sí apá òsì Àkàndé, ó yọ ahọ́n síta. Àkàndé jókòó jẹ́ẹ́ bí adájọ́. Alhaji fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, fìlà rẹ̀ já bọ́.)

LUKMAN: Wálláì, òótọ́ ni!

ÀKÀNDÉ: Kí lẹ ṣe?

LUKMAN: Kò sí. Àga yìí náà ti wá yé mi. Ẹ gbọ́, ọwọ́ tẹ́ ẹ rí tẹ́ ẹ ò gbà ni mo bínú sí. Èyí tẹ́ ẹ ò rí, báwo ni n ó ṣe bínú sí i? Kókó tí wọ́n ti gé dànù, ta ni yóò fẹ́ ẹ mọ́ ìyàwó? Ẹ dáná ọ̀la, ẹ dáná gidi! Láti Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, apá ọ̀tún ni màá jókòó. Kí Abdulwasiu wá lọ sí òsì, kó jẹ̀yà tiẹ̀.

(Ó nawọ́, ó gbé e wá sí ọ̀tún. Àkàndé dì í mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì.)

ÀKÀNDÉ: Ọlọ́run á san yín lẹ́san, àna mi. Ẹ jókòó ká jẹun.

(Alhaji jókòó, apá òsì ló wù ú. Àkàndé yí àwo po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ẹran.)

ÀKÀNDÉ: Ẹran mẹ́rin lẹ pè é, àbí?

LUKMAN: (ẹnu rẹ̀ kún) Mẹ́rin ni. Wọ́n wà lápá òsì.

ÀKÀNDÉ: Mo ti yí àwo yìí lẹ́ẹ̀mejì.

LUKMAN: Ẹ tún un yí.

ÀKÀNDÉ: Àna mi, ìríran apá òsì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Etí méjèèjì pé, mo sì ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fọ́ eegun!